Nígbà tí ọmọ-ogun ara bá kọjú sí onílé

  Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ìtàn ogun Dàhọ̀mì. Ìtàn àìsàn kan ni, àti ti àwọn àìsàn mìíràn tí ó bá a tan. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ dókítà ni, pé kò kàn yín. Ẹ ó rí i níwájú pé ó kan àwa ọmọ Nàgó ju bí a ti rò lọ.

Èmi tí mo ń kọ èyí, ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo ní. Àwọn àgbà ni mò ń kọ́ ní ìwé kíkà ní agbègbè Tchaourou, lábẹ́ igi máńgòrò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọdé nígbà òjò. Mi ò sọ pé mo mọ iṣẹ́ dókítà. Ohun tí mo bi wọ́n tí wọ́n sì dá mi lóhùn, àti ohun tí mo kà, ni mo kó jọ síbí.

Ọ̀rọ̀ ilé wa ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni àìsàn mú. Oríkèé ọwọ́ rẹ̀ a máa wú ní òwúrọ̀, kò ní lè di ọmọ odó mú. Lẹ́yìn náà nǹkan ṣú sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó gba orí imú kọjá, bí ẹni pé labalábá bà lé e lójú. Irun rẹ̀ ń já. Bí oòrùn bá pa á lóko ní ọjọ́ kan, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi dùbúlẹ̀. Ní ilé ìwòsàn kékeré tí a ń gbé e lọ, ibà ni wọ́n ń wí. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń gún un ní abẹ́rẹ́ ibà. Ní àdúgbò, àwọn kan ń sọ pé ẹ̀tẹ̀ ni, àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ, ni a tó gbé e dé Parakou, tí dókítà kan sì ní kí a ṣe analíìsì ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Cotonou. Orúkọ tí ó bá ìwé náà padà ni lupus. Kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ kí a tó mọ orúkọ náà. Ó kú ní ọdún náà, kí iṣu titun tó jáde.

Kò tán síbẹ̀. Àbúrò bàbá wa obìnrin ní gẹ̀gẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, irú èyí tí ó mú kí ẹyinjú rẹ̀ yọ síta, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì bí ẹni tí ó sáré. Ọmọkùnrin kan nínú agbo ilé kan náà ní àtọ̀gbẹ láti ọmọ ọdún 11, irú èyí tí a fi ń gún abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Àìsàn mẹ́ta, ilé kan. Nígbà tí àwọn àna wá tọrọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àgbà kan nínú wọn fà mí sí ẹ̀yìn ògiri, ó ní, "Bàbá olùkọ́, ẹ má bínú. Wọ́n ní ilé yín ní nǹkan. Ṣé òótọ́ ni?"

Mi ò mọ ohun tí n óò wí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní àyè.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Lupus jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè Látìn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìkookò. Àwọn oníṣègùn Yúróòpù àtijọ́ wo egbò ojú àwọn aláìsàn, wọ́n ní ó dà bí ibi tí ìkookò gé jẹ. Orúkọ yìí ti wà fún oríṣiríṣi egbò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Cazenave, dókítà awọ ara ní Paris, tó ya èyí tí à ń wí yìí sọ́tọ̀ ní 1851. Ní 1872, Kaposi ní ìlú Vienna kọ ọ́ pé kì í ṣe awọ nìkan ni ó ń bà jẹ́: ó ń wọ oríkèé, ó ń wọ inú, ó sì ń pani. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú ìwé kí Faransé tó wọ Dàhọ̀mì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń fà á.

Ohun tí ó ń fà á ṣòroó gbà gbọ́. Ẹ rò ó wò. Ní abúlé wa, àwọn ọdẹ ni ń ṣọ́ ìlú lóru. Wọ́n mọ ará ilé, wọ́n mọ àlejò. Wọ́n mọ ìrìn baálẹ̀ nínú òkùnkùn. Nínú ara ènìyàn pẹ̀lú, àwọn ọmọ-ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣọ́ wa. Bí kòkòrò ibà bá wọlé, àwọn ni wọ́n ń bá a jà. Bí ẹ̀gún bá gún ẹ lẹ́sẹ̀, àwọn ni ó kú síbẹ̀ tí ó di ọyún. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ọ̀rúndún 20 bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn náà, Paul Ehrlich, ọ̀gá onímọ̀ ará Jámánì, ṣiṣẹ́ lórí àwọn ọmọ-ogun yìí. Ó ní ara kórìíra láti pa ara rẹ̀. Nítorí pé ọ̀gá ló sọ ọ́, ó pẹ́ kí àwọn ènìyàn tó gbà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1948, ní ilé ìwòsàn Mayo ní Amẹ́ríkà, Hargraves àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ awò wo mùdùnmúdùn inú egungun àwọn tí ó ní lupus, wọ́n rí ọmọ-ogun kan tí ó gbé inú ọmọ-ogun mìíràn mì. Ní 1956, Rose àti Witebsky ní ìlú Buffalo mú kí ara ehoro máa ba ọ̀fun ara rẹ̀ jẹ́. Ní ọdún kan náà, Roitt àti Doniach pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn ní London rí i nínú ènìyàn tí ó ní oríṣi gẹ̀gẹ̀ kan pé ohun ìjà tí ara rọ ni ó ń ba ọ̀fun jẹ́. Ọ̀rọ̀ Ehrlich ṣubú níbẹ̀. Ọdẹ lè ta baálẹ̀ ní ọfà.

(Kí n sọ ọ́ kí n má gbàgbé: kì í ṣe gbogbo gẹ̀gẹ̀ ni ó jẹ́ irú èyí. Gẹ̀gẹ̀ tí àwọn ìyá wa àgbà ń ní lọ́pọ̀lọpọ̀ láyé àtijọ́, àìsí iyọ̀ tí ó ní áyódìnì ni ó ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀.)

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ka àwọn àìsàn tí ó jẹ́ ti ìdílé yìí. Bí ọmọ-ogun ara bá kọjú sí oríkèé, làkúrègbé kan tí ń rọ ìka lọ́wọ́ ni. Bí ó bá kọjú sí ibi tí ara ti ń ṣe oògùn ṣúgà, àtọ̀gbẹ ọmọdé ni. Bí ó bá kọjú sí ọ̀fun, gẹ̀gẹ̀ ni. Bí ó bá kọjú sí gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan, ìkookò náà ni.

Ẹ wá wo ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù. Oògùn ibà wà nínú ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1894, dókítà kan ní London, Payne, ti ń fi kiníní tọ́jú lupus. Ní 1951, dókítà mìíràn níbẹ̀, Page, fi oògùn ibà mìíràn tí wọ́n ń fún àwọn sójà nígbà ogun tọ́jú àwọn aláìsàn, ara wọn sì mókun. Títí di òní, oògùn tí dókítà kọ́kọ́ ń kọ fún ẹni tí ó ní lupus, ọmọ ìyá nifakíìnì tí gbogbo wa lò nígbà èwe wa ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò rí i lò títí ó fi pẹ́ jù. Ẹ má ṣe tìtorí èyí lọ ra oògùn lọ́jà ilẹ̀ o. Ojú lè fọ́ bí a bá lò ó láìsí ẹni tí ń wọ̀n ọ́n fúnni.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a dé ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn. Nínú àwọn ọdún 1960, dókítà ọ̀dọ́ kan wá síbẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Brian Greenwood ni orúkọ rẹ̀. Ó wo àwọn aláìsàn tí ń wọlé, ó wo ìwé àwọn tí ó ti lọ, ó ní kò rí àìsàn ìdílé yìí tó bí ó ṣe ń rí i nílé. Làkúrègbé tí ń rọ ìka ṣọ̀wọ́n. Lupus fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ìyẹn ni ó kọ sínú ìwé àwọn dókítà, Lancet, ní 1968. Ìbéèrè tí ó bi ara rẹ̀ ni: kí ni ó wà ní Ìbàdàn tí kò sí ní London? Ó ní ibà ni, àti aràn inú. Ọmọ tí a bí síhìn-ín, ọmọ-ogun ara rẹ̀ ti ní iṣẹ́ láti kékeré. Kò ráyè bá onílé jà.

Ó lọ dán an wò. Ní 1959 ni àwọn ará New Zealand ti rí eku dúdú kan tí ara rẹ̀ ń bá ara rẹ̀ jà. Nígbà tí wọ́n fi oríṣi eku yìí gun òmíràn, àwọn ọmọ wọn ń ní àìsàn kíndìnrín tí ó jọ ti lupus gan-an. Greenwood pẹ̀lú Herrick àti Voller fi ibà eku sí wọn lára, àwọn tí ó ní ibà kò ní àìsàn náà bí àwọn yòókù. Èyí jáde ní 1970. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó wá lọ sí Gáḿbíà lẹ́yìn náà, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nẹ́ẹ̀tì tí a rẹ sínú oògùn ẹ̀fọn ń gba ẹ̀mí ọmọdé là. Nítorí náà nígbà tí ẹ bá na nẹ́ẹ̀tì lálẹ́, ẹ rántí ìtàn Ìbàdàn.

Ṣé òótọ́ ni ohun tí ó rí? Èmi ò gbà á tán. Kì í ṣe pé ó purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ilé ìwòsàn nìkan ni ẹni tí ń ka ìwé ilé ìwòsàn lè rí. Ìwé ẹ̀gbọ́n mi fún ọdún méjì, ibà ni ó wà nínú rẹ̀. Bí òyìnbó bá wá ka ìwé náà lónìí, yóò ní kò sí lupus ní Tchaourou. Àwọn mélòó ni wọ́n sin pẹ̀lú orúkọ ibà? Àwọn mélòó ni a lé kúrò nílé pé wọ́n lẹ́tẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn erékùṣù Caribbean, àwọn aláwọ̀ dúdú ní àìsàn yìí ju àwọn òyìnbó lọ dáadáa. Àwọn ọmọ ta ni wọ́n? Àwọn tí wọ́n kó gba èbúté Ouidah àti Badagry ni, Nàgó wà lára wọn. Ẹ̀jẹ̀ kan náà. Báwo ni àìsàn ṣe pọ̀ lára ọmọ tí kò sì sí lára ìyá? Ní 2001, Molokhia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London jókòó, wọ́n ka àwọn obìnrin tí ó ní lupus ní gúúsù ìlú náà. Nínú 100,000 obìnrin òyìnbó, 35 ni ó ní in. Nínú 100,000 obìnrin tí ìran wọn ti Caribbean wá, 177. Àwọn obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín lọ síbẹ̀ ńkọ́? 110. Ìlọ́po mẹ́ta ti òyìnbó. Àwọn obìnrin wọ̀nyí, ilẹ̀ wa ni púpọ̀ nínú wọn ti dàgbà, pẹ̀lú ibà àti aràn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí dókítà ti mọ ojú àìsàn náà, wọ́n rí i lára wọn.

Ní ọdún 2009, Adelowo àti Oguntona kọ ti Èkó: nínú 1,250 aláìsàn oríkèé tí wọ́n tọ́jú, 66 ní lupus. Àwọn dókítà oríkèé ní Cotonou náà ti kọ nípa àwọn tiwọn. Àìsàn tí wọ́n ní kò sí, ibi tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá jókòó sí ni ó ń yọ jáde sí. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ibà tí Greenwood sọ kò kú. Ẹ ó rí i.

Mo padà sí ìbéèrè àgbà náà: ṣé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ilé?

Àwa tí a ń bí ìbejì jù lọ láyé, àwa ló yẹ kí a mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà wá ìdáhùn rẹ̀. Ìbejì méjì ló wà. Àwọn kan jọra bí ẹni fi ojú ara wọn sínú dígí, ohun kan náà ni wọ́n jogún pátápátá. Àwọn kejì dà bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ó kàn bọ́ sáyé papọ̀. Bí àìsàn bá jẹ́ ti ayé tàbí ti oúnjẹ nìkan, kò yẹ kí ìyàtọ̀ wà láàárín oríṣi méjèèjì. Bí ó bá sì jẹ́ àyànmọ́ inú ẹ̀jẹ̀, bí Táyé bá ti ní in, Kẹ́hìndé tí ó jọ ọ́ kò ní bọ́. Ní 1992, Deapen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ka àwọn ìbejì tí ọ̀kan nínú wọn ní lupus. Láàárín àwọn tí kò jọra, èkejì ní in nínú 2 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín àwọn tí ó jọra, 24 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlọ́po 12 ni, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ìbejì tí wọ́n jogún ohun kan náà, 76 ni èkejì kò ní in. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sínú ìwé mi fún àwọn àna nìyẹn.

Kí ni wọ́n wá ń jogún? Ní 1958, Jean Dausset, ará Faransé, rí àmì kan lára àwọn ọmọ-ogun funfun inú ẹ̀jẹ̀ tí ó yàtọ̀ láti ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1980. HLA ni wọ́n ń pè é. Èmi a máa pè é ní ilà ojú fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Láyé àtijọ́, bí ogun bá dé, ilà ojú ni a fi ń mọ ẹni tí ó jẹ́ tiwa. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹran ara wa kọ ilà, ọmọ-ogun ara a sì ka ilà náà kí ó tó jà. Ilà yìí yàtọ̀ láti ilé dé ilé, ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni a ti ń jogún rẹ̀. Ní 1971, Grumet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford kọ ọ́ pé ilà kan pọ̀ lára àwọn tí ó ní lupus. Láàárín àwọn ọdún díẹ̀, àwọn mìíràn rí i pé ilà máa ń pọ̀ báyìí lára àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ ọmọdé, làkúrègbé, àti gẹ̀gẹ̀ olójú yíyọ. Àwọn ilà kan tilẹ̀ wọ inú ju àìsàn kan lọ. Nígbà tí mo ka ibí yìí, mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Agbo ilé wa ni mo ń kà.

Ìwádìí kò dúró. Ní 2002, iṣẹ́ ńlá kan bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n pè ní HapMap, láti ya àwòrán ohun àjogúnbá ènìyàn, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní jẹ́ẹ̀nì. Ènìyàn ibi mẹ́rin ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn: àwọn Ṣáínà ní Beijing, àwọn ará Japan ní Tokyo, àwọn òyìnbó ní Utah ní Amẹ́ríkà, àti àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn. Bàbá, ìyá àti ọmọ ni ti Ìbàdàn, agbo 30, ènìyàn 90. Àwòrán àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 2005. Láti ìgbà náà, níbikíbi láyé tí wọ́n bá ti ń wá jẹ́ẹ̀nì àìsàn kan, wọ́n máa ń ṣí àwòrán àwọn ará Ìbàdàn wò. Nínú agbo ènìyàn 90 yìí, àwọn kan lè ti jẹ́ ìbátan àwa ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà kò dé inú ẹ̀jẹ̀.

Ní 2004, wọ́n rí jẹ́ẹ̀nì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PTPN22. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kó ọmọ-ogun ara níjàánu. Láàárín ọdún kan ṣoṣo, àwọn kan rí ìyàtọ̀ kan nínú rẹ̀ lára àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ ọmọdé, àwọn kan rí i lára oní-làkúrègbé, àwọn kan rí i lára oní-lupus, àwọn kan rí i lára oní-gẹ̀gẹ̀. Inú mi dùn, mo ní ìdáhùn ilé wa nìyí. Mo kà síwájú díẹ̀, mo rí i pé ìyàtọ̀ náà pọ̀ lára àwọn òyìnbó àríwá Yúróòpù, ṣùgbọ́n lára àwa ọmọ Áfíríkà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí rárá. Kì í ṣe òun ni ó wọ ilé wa. Ìwé òyìnbó kò sọ tiwa tán, ẹ máa rántí ìyẹn nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń kà á. Ní 2007, wọ́n rí òmíràn, STAT4, tí ó wọ inú làkúrègbé àti lupus papọ̀. Èyí wà lára oríṣiríṣi ìran. Àwọn tí wọ́n ti rí fún lupus nìkan títí di òní ju 100 lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré bí òkúta wẹ́wẹ́. Ẹnì kan a jogún márùn-ún, ẹnì kan ogún. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ nínú àpò ẹnì kan, tí oòrùn tàbí àìsàn mìíràn sì tún gbé e lé e, ni àpò ń já. Wọ́n sì rí i pé nínú ènìyàn mẹ́wàá tí lupus mú, mẹ́sàn-án ni obìnrin. Ní 2022, wọ́n rí ọmọbìnrin kan ní Sípéènì tí ìyàtọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo nínú jẹ́ẹ̀nì TLR7 ti tó láti fún un ní àìsàn náà. Irú tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Jẹ́ẹ̀nì náà wà níbi tí obìnrin ti ní méjì tí ọkùnrin ní ẹyọ kan.

Mo ṣèlérí pé a ó padà sórí ibà. Gbogbo yín ni ẹ mọ SS. Ẹ mọ̀ pé ọmọ tí ó gba S lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá ni egungun ń ro. Ṣùgbọ́n ní 1954, Allison kọ ọ́ pé ọmọ tí ó gba S ẹyọ kan, ibà kì í tètè pa á. Ìdí nìyẹn tí S kò fi parẹ́ nílẹ̀ wa. Ní 1984, Pagnier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé, lójú tiwọn, kì í ṣe ibì kan ṣoṣo ni S ti bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà. Wọ́n rí oríṣi mẹ́ta, wọ́n sì fún wọn lórúkọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Senegal, ọ̀kan ń jẹ́ Bantu, ọ̀kan ń jẹ́ Benin. Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ orílẹ̀-èdè wa. Títí dé Bahia ní Brazil, ibi tí wọ́n kó àwọn Nàgó lọ, àwọn dókítà rí S tí ó ń jẹ́ Benin.

Ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá rí nípa lupus. Jẹ́ẹ̀nì kan wà, FCGR2B, òun náà ń dá ọmọ-ogun ara dúró. Ìyàtọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ó dá wọn dúró dáadáa. Ẹni tí ó bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, lupus súnmọ́ ọn ju ẹlòmíràn lọ. Ní 2007, àwọn onímọ̀ Cambridge rí i lára eku pé ẹni tí kò ní olùdádúró yìí ń bá ibà jà dáadáa. Ní 2010, wọ́n wo àwọn ọmọ Kẹ́ńyà, wọ́n rí i pé àwọn tí ó jogún ìyàtọ̀ náà lọ́nà méjèèjì, ibà líle kì í mú wọn tó àwọn yòókù. Ìyàtọ̀ yìí pọ̀ ní Áfíríkà àti ní ìhà ìlà-oòrùn Éṣíà, ibi tí ibà ti jẹ ọba, ó sì ṣọ̀wọ́n ní Yúróòpù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Àwọn baba ńlá wa tí ọmọ-ogun ara wọn gbóná ni ibà kò pa lọ́mọdé. Àwọn ni ó dàgbà, tí wọ́n bímọ, tí wọ́n bí wa. Ohun tí ó gba ìyá ìyá wa lọ́wọ́ ibà ni ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Greenwood ní ibà ń dá lupus dúró lára ẹni tí ó wà láàyè. Àwọn ti Cambridge ní ibà ni ó yan ẹ̀jẹ̀ tí lupus ń wọ̀. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín SS àti èyí ni ó yẹ kí àwọn àna mọ̀. SS, ẹyọ kan ni. Bí AS bá fẹ́ AS, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá bímọ, ẹyọ kan nínú mẹ́rin ni ewu SS. Ó ṣeé kà ṣáájú ìgbéyàwó, ó sì yẹ kí a kà á. Lupus kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí analíìsì kankan tí a lè fi yẹ ọmọbìnrin wò kí a tó fẹ́ ẹ. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ìyá wọn ní in, àwọn tí yóò ní in kò tó mẹ́wàá.

Nígbà tí àwọn àna padà wá, ọjọ́ ọjà ni. Mo mú ìwé mi jáde. Mo ka orúkọ àìsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sọ ẹni tí ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò fi ohunkóhun pamọ́. Àwọn ìyàwó ilé wa bojú wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Mo sọ ti ìbejì 24 àti 76. Mo sọ pé bí oríkèé ọmọ yìí bá wú lọ́jọ́ kan, bí ojú rẹ̀ bá ṣú, kí wọ́n má gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wí pé ibà ni. Kí wọ́n gbé e lọ sí Parakou, kí wọ́n sì pe orúkọ náà fún dókítà. Mo kọ orúkọ náà sí bébà kan, mo fún ìyá ọkọ.

Obìnrin náà kò mọ̀ ọ́n kà. Ó wo bébà náà títí, ó ká a, ó fi í sí etí aṣọ rẹ̀. Àgbà ọjọ́ kìíní ni ó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá olùkọ́, àwa náà ní SS kan nílé. Ọmọ àbúrò ọkọ ìyàwó ni. A kò fẹ́ sọ ọ́."

Mo ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkọ ìyàwó wò ná, a ó yẹ ti ọmọ wa náà wò. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà wọ́n mú ìwé wá, AA. Ti ọmọ wa, AS. Ìyá ọkọ ni ó kọ́kọ́ bọ́ sórí ìkúnlẹ̀ dúpẹ́. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó wọ kíláàsì mi. Orúkọ ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ó fa bébà gbígbó kan yọ ní etí aṣọ rẹ̀, ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ka èyí.